"A ko gba irohin re": kí ni wọ́n ń pè ní ìròhìn nínú bébà ayé àtijọ́?

ỌmọMarina (Badagry)

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa láti Sátidé, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn àgbà wà níbí, àwọn tó mọ Yorùbá inú ìwé náà wà níbí. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi.

Bàbá tó bí bàbá mi, Bàbá Oníròhìn ni gbogbo àdúgbò wa níbí ní Badagry ń pè wọ́n. Mi ò bá wọn láyé. Ohun tí bàbá mi máa ń sọ fún wa ni pé katikíìsì ni wọ́n, wọ́n ń ṣòwò àgbọn, wọ́n sì tún máa ń kọ ìròhìn ránṣẹ́ sí bébà Yorùbá kan l'Ékòó, láti nǹkan bí 1920 ó lé títí wọ ayé ogun Hítílà. Orúkọ yẹn wù wá gan-an ni. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, tí tíṣà bá bi mí pé ọmọ ta ni mí, ọmọ Oníròhìn ni mo máa ń sọ, orí mi á sì wú.

Wàyí o, ìrántí wọn la fẹ́ ṣe ní December yìí, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn wọn sínú ìwé pélébé tí a máa pín. Mo wá lọ tú àpótí páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà, ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ewé bébà kan ṣoṣo tí wọ́n ká sínú Bíbélì. Ó ti pọ́n bíi omi tíì, tí èèyàn bá fẹ́ tú u ńṣe ló ń rún mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ òsì, orí ẹ̀ níbi tí orúkọ bébà àti déètì yẹ kó wà ti ya lọ, torí náà mi ò mọ bébà tó jẹ́. Mo fi sínú náílọ́ọ̀nù kó má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan ti fi gègé àti yíǹkì fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibì kan nísàlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, bí mo ṣe bá a ni mo ṣe kọ ọ́:

Badagry. A ko gba irohin re.

Mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àwọn nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ Bàbá, wọ́n ti pé ọdún 91. Mo kà á fún wọn torí ojú wọn ò ríran mọ́. Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé wọ́n ti sùn lọ, wọ́n wá ní "mo ti sọ fún yín tipẹ́." Wọ́n ní Oníròhìn kì í ṣe oríkì, èébú ni, pé àwọn kan nílùú ló sọ Bàbá bẹ́ẹ̀ torí wọ́n ní wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ ìlú lọ fún àjẹ́lẹ̀ òyìnbó nígbà owó orí, àti pé bébà yìí náà wá jẹ́rìí sí i pé irọ́ ni wọ́n ń pa, wọn ò gba ìròhìn wọn. Wọ́n ní kí n má kọ Oníròhìn sínú ìwé yẹn rárá.

Mo sunkún nígbà tí mo délé. Mi ò lè purọ́ fún yín.

Ìbéèrè mi wá nìyí: kí ni ìròhìn túmọ̀ sí gan-an nínú àwọn bébà ìgbà yẹn? Torí nínú ojú ewé kan ṣoṣo yẹn mo rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta mìíràn, kò sì jọ pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ibì kan, wọ́n ń sọ nípa ọkùnrin kan tó fẹ́ gbé ìyàwó, wọ́n ní "irohin re dara". Ibòmíì wọ́n ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n fi "owo irohin" ránṣẹ́. Ibòmíì wọ́n ní "irohin kan nlo kiri", ìyẹn jọ àhesọ sí mi. Èwo wá ni ti Bàbá mi nínú ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́, Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé ẹbí.

Ayọ̀ Agric (Ìkòródù)

Àǹtí ẹ kú ìrọ́jú o. Ìròhìn ni ìròyìn ṣá, h ló di y. Ohun tí wọ́n ń kà lórí rédíò náà ni, kò le rárá. Wọ́n ní àwọn ò gba ìròyìn wọn, ìyẹn ni pé wọn ò gbà wọ́n gbọ́. Mi ò fẹ́ dùn yín nínú ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ kọ ohun rere tí Bàbá ṣe, kẹ́ ẹ fo ìyẹn.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Ìkòródù)

Ayọ̀ ọmọ mi, o yára jù. H di y lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò dúró sójú kan láti ìgbà yẹn wá.

Ọmọ wa ní Badagry, mo kí ẹ, nu omijé ẹ nù. Mo fi ọdún 32 kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ìhìn ló ti wà nílẹ̀, òun náà la ń gbọ́ nínú ìhìn rere. Rò, ìyẹn ni ohun tí ẹnu ń ṣe, bí a ṣe ń ro ẹjọ́, tí a ń ro tẹnu ẹni. Rò àti ìhìn ló di ròhìn. Ẹni tó ń ro ẹjọ́, ó dúró níwájú ẹnì kan ni, kì í ro ó sáfẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìròhìn rí láyé àtijọ́, ẹnì kan ti lọ, ó ti bọ̀, ẹnì kan sì jókòó tó ń dúró dè é.

Nígbà tí mo wà ní kékeré tí wọ́n bá rán mi láti Ìkòródù níbí lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi. Màá jíṣẹ́ fún ẹni tí wọ́n rán mi sí. Màá padà wá jábọ̀, ìyẹn ni pé kí n sọ èsì tí wọ́n fún mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bàbá mi á wá gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, wọ́n á ní "ó dáa, ròhìn." Ìyẹn ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ni mo bá nílé? Ṣé ara wọn yá? Ṣé òjò ti rọ̀ ní ọ̀hún? Ọkọ̀ mélòó ni mo rí létí omi? Tí mi ò bá rí nǹkan sọ wọ́n á ní ẹsẹ̀ mi nìkan ló lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀, ojú mi ò lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí bébà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Henry Townsend ti ìjọ CMS, tó gba Badagry tiyín wọlé kó tó dé Abẹ́òkúta, òun ló bẹ̀rẹ̀ bébà ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó pè é ní Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Lónìí tí a bá gbọ́ "ìwé ìròhìn" ńṣe ni a ń gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bébà tí fẹ́ńdọ̀ ń tà. Ṣùgbọ́n láyé yẹn, ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni lẹ́tà, ìwé tí ẹnì kan kọ sí ẹnì kan. Ìwé Ìròhìn lójú wọn dà bí ìgbà tí èèyàn sọ pé lẹ́tà tó ń ròhìn fún yín rèé, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá. Ẹ wo "fún" tó wà nínú orúkọ ẹ̀. Ó ní ẹni tó ń kọ ọ́ sí. Ohun tí wọ́n sì ń kọ sínú ẹ̀ bá ìyẹn mu: ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tó ṣèrìbọmi, àlùfáà tó dé àti èyí tó lọ, ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ogun. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860 nígbà tí bébà náà ò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ.

Ẹni tó ń ròhìn kò sì lè ṣàìní ibi tó dúró sí. Ìkòródù tiwa níbí, ní 1865 àwọn Ẹ̀gbá wá dó tì wá, àwọn ọmọ ogun tí Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà yẹn, kó wá láti Èkó ló tú wọn ká ní March ọdún yẹn. Bébà Townsend ṣì wà l'Abẹ́òkúta, Robert Campbell náà ń tẹ bébà Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Anglo-African l'Ékòó. Townsend, ti àwọn Ẹ̀gbá ló ń ṣe, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá ń kọ́ ọmọ, mo máa ń bi wọ́n pé tí ẹ bá jẹ́ ará Ìkòródù lọ́dún yẹn, ìròhìn ta ni ẹ máa gbà? Wọ́n á pariwo, kíláàsì á gbóná. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 1867, Ìfọ́lé dé, wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò l'Abẹ́òkúta, bébà náà sì parí síbẹ̀.

Nígbà tó máa fi di ayé Bàbá yín, bébà Yorùbá ti pọ̀ l'Ékòó. Ẹ wo orúkọ wọn dáadáa: Èkó Àkéte ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923, Akéde Èkó ní 1928. Akéde, ọba ló ń rán an, ó gbé agogo dání, ọ̀rọ̀ ń ti òkè bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ìròhìn, ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè lọ bá ẹni tó jókòó. Elétí ọfẹ ní tiẹ̀, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, etí ẹ̀ tó mú ló ń gbọ́ ọ. Àwọn olóòtú ìgbà yẹn mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan lára wọn a tiẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí òkè ọ̀hún fúnra wọn, wọ́n á wá máa kọ ohun tí wọ́n fojú rí lọ́nà fún àwọn òǹkàwé, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

"Owo irohin" tẹ́ ẹ rí yẹn, owó bébà ni, àwọn tó ti gba bébà tí wọn ò tíì san. Níbẹ̀ ìròhìn ti di nǹkan tí a lè fọwọ́ mú.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ èrò mi lórí Bàbá, mo ní ìbéèrè méjì. Èkíní, kí ló wà lókè ibi tí wọ́n kọ Badagry sí, kí ló sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀? Èkejì, "re" yẹn, kò sí àmì lórí ẹ̀, ó lè jẹ́ rẹ, ó lè jẹ́ rẹ̀. Ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí ìlà kan ṣoṣo.

Ìyá Ẹlẹ́ja (Ẹpẹ)

Tíṣà ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Èmi ò kàwé lọ títí ṣùgbọ́n "irohin re dara" yẹn yé mi dáadáa torí mo ti jẹ́ alárinà rí, ẹ̀ẹ̀mejì.

Tí ọmọkùnrin bá ń bọ̀ wá fẹ́ ọmọ yín, ẹ ò ní dédé gbà á. Ẹ máa rán ẹnì kan lọ sí ìlú wọn, á lọ bí ẹni ń lọ ra nǹkan, á jókòó sọ́dọ̀ àwọn ará àdúgbò, á wojú, á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ìdílé náà, ṣé wọ́n máa ń jà, ṣé àìsàn kan wà ní ìdílé wọn, ṣé gbèsè wà. Ó máa padà wá ròhìn. Tó bá ti ròhìn tán, ohun tó sọ yẹn á wá di ti ọmọkùnrin náà, a máa ń ní "ìròhìn ẹ̀ dáa" tàbí "ìròhìn ẹ̀ ò dáa", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu alárinà ló ti jáde. Ó di bí orúkọ fún un. Èmi mọ ọmọ kan tí ìròhìn ẹ̀ bàjẹ́ torí ẹni tí wọ́n rán lọ lọ bá a níbi tó ti ń bá awakọ̀ jà nítorí owó ìyá ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jẹ. Ẹni yẹn rí ìjà, kò bèèrè ohun tó fà á. Wọn ò fún un níyàwó. Ó dùn mí títí dòní torí ọmọ dáadáa ni.

Nítorí náà "A kò gba ìròhìn rẹ̀" yẹn, tó bá jẹ́ irú ìyẹn, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n gbọ́ nípa Bàbá ni wọn ò gbà o, wọ́n ń gbèjà wọn ni! Ẹ ò rí i pé ó lè yí padà pátápátá? Àwọn kan lọ sọ̀rọ̀ wọn láìdáa, àwọn bébà ní àwọn ò gbà.

Àmọ́ gbà náà fúnra ẹ̀ wàhálà ni. Ní ọjà wa níbí, tí mo bá ní mo gba ẹja, ẹja ti bọ́ sínú agbọ̀n mi nìyẹn. Tí mo bá ní mo gba ohun tóo sọ, ọkàn mi ló gbà á. Èwo ni ti bébà yẹn? Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà táwọn ń ná ọjà Èjìnrìn, tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, kí wọ́n tó dá sí ọ̀rọ̀ ẹja wọ́n á kọ́kọ́ bi àwọn tó wà nínú ọkọ̀ pé "kí ni ìròhìn?" Tí wọ́n bá ti dáhùn tán wọ́n á ní "a gbà á o." Ó ti dé ọwọ́ wọn nìyẹn, kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà pé òótọ́ ni o. Òótọ́, wọ́n ṣì máa lọ wò ó. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Agbóhùnsáfẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo ka ìròyìn lórí rédíò fún ọdún mẹ́rìnlá, Badagry ni wọ́n ti bí mi, Ajara. Ohun tí Tíṣà sọ yẹn bá mi lára mu gan-an ni torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ wo bí a ṣe máa ń sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́: "ìròyìn fi tó wa létí pé..." Ta ló fi tó wa létí? Ìròyìn ni. Ìròyìn ti di ẹni tó ń rìn fúnra ẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, ẹni tó lọ tó bọ̀ ti pòórá nínú ọ̀rọ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti ka gbólóhùn yẹn láìmọ ẹni tó rí nǹkan náà. Ní ọjọ́ kan mo ka ìròyìn nípa ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé ní ẹ̀bá Tọ́pò, "ìròyìn fi tó wa létí pé èèyàn mẹ́rin," àṣé àbúrò ìyàwó mi wà nínú ẹ̀, kò kú, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń gbọ́ ọ nílé, mi ò sì lè sọ fún un ẹni tó ròhìn fún wa torí èmi fúnra mi ò mọ̀ ọ́n. Àtìgbà náà ni mi ò ti lè ka gbólóhùn yẹn kí ara mi má gbọ̀n. Mo máa ń bèèrè kí n tó kà á: ta ló rí i?

Nítorí náà Àǹtí, tẹ́ ẹ bá fi etí rédíò ka bébà Bàbá, ó máa ṣì yín lọ́nà. Nínú bébà ìgbà yẹn ìròhìn ní ẹni tó ni ín, ẹ wá ẹni náà.

ỌmọMarina (Badagry)

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà, ìbéèrè yín ló gbé mi dìde lóru, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀yìn, àwọn ibi tó ti ṣá wá hàn díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi ka òkè ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n fa yíǹkì sí nìkan lojú mi rí.

Lókè pátápátá wọ́n kọ "Lati odo awon asoju wa", ó dúdú ju ìyókù lọ. Lẹ́yìn náà ó wá lọ báyìí. "Epe", wọ́n sọ nǹkan nípa ẹja tó wọ́n, ikán ti jẹ ìparí ẹ̀. "Ikorodu", wọ́n ní òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni. "Ijebu Ode", ìyẹn gùn, mi ò lè ka gbogbo ẹ̀, mo rí "isinku" níbẹ̀. Ó wá kan "Badagry. A ko gba irohin re." Lábẹ́ ẹ̀ gan-an, ẹ gbọ́ o, "Ilaro. A ko gba irohin re."

Ìlaró náà! Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà fún lẹ́tà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Tíṣà ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi pé ohun tí mo rò ló rí.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Ìkòródù)

Ohun tóo rò náà ni, ọmọ mi.

Rẹ̀ ni, ìlú ló sì ni rẹ̀ yẹn. Ìròhìn Badagry, ìròhìn Ìlaró. Àwọn aṣojú bébà wà káàkiri, kálukú ń kọ ti ìlú ẹ̀ ránṣẹ́, olóòtú ń tò wọ́n ní ìlú-ìlú. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ti Ẹpẹ dé, ti Ìkòródù dé, ti Ìjẹ̀bú-Òde dé. Ti Badagry àti ti Ìlaró ò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Gbà tí Ìyá wa l'Ẹ́pẹ sọ nípa ẹja ni, gbà ọwọ́, kì í ṣe gbà ọkàn. Kò sí olóòtú tó máa pe ìlú méjì ní òpùrọ́ nínú ìlà méjì tó tẹ̀ léra, kó sì tún tò wọ́n sábẹ́ àkọlé aṣojú wa.

Ẹ tún wò ó, tí kò bá sí aṣojú ní Badagry, olóòtú ì bá kàn fò ó. Kò fò ó, ó fi àyè sílẹ̀ fún un, ó sọ fún òǹkàwé pé àga yìí ní ẹni tó ń jókòó sí i, kò kàn tíì dé ni. Ẹni tí wọ́n ń retí nìkan ni wọ́n ń kọ irú ẹ̀ sí.

Ní ti orúkọ, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ jùwá lọ, mi ò lè já wọn nírọ́, kí o má sì já wọn nírọ́ níwájú ẹbí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ò wá ọ̀rọ̀ èébú tì fún ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Olófòófó wà ńbẹ̀, aṣọ̀rọ̀-ẹni-lẹ́yìn wà ńbẹ̀, ẹlẹ́nu méjì wà ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹn ni wọ́n fẹ́ pè é, wọn ì bá ti pè é.

Ìyá Ẹlẹ́ja (Ẹpẹ)

Tíṣà, mo gbà fún yín lórí bébà, Ìlaró yẹn ti parí ẹ̀. Ti orúkọ nìkan ni mi ò tíì gbà. Èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ dáadáa bú èèyàn, a máa ń pe olè ní "bọ̀dá ọlọ́wọ́ fúyẹ́", ṣé ọ̀rọ̀ burúkú nìyẹn? Ìgbà owó orí le, ẹni tó bá ti mọ̀wé tó ń kọ nǹkan ránṣẹ́ sí Èkó, àwọn kan máa fura sí i dandan. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan ń fi pè é ní rere, àwọn kan ń fi pè é ní búburú, ẹnu méjèèjì ń sọ orúkọ kan náà. Ọmọ mi, bi ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ pé ta ló sọ ọ́ fún wọn. Bí Bọ̀dá Rédíò ṣe sọ, wá ẹni tó ni ín.

ỌmọMarina (Badagry)

Mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lánàá, mi ò dúró de Sátidé. Mo mú bébà náà dání nínú náílọ́ọ̀nù ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ka ti òkè ẹ̀ fún yín, mo sáré kà á lọ́jọ́sí. Mo ka Ẹpẹ, mo ka Ìkòródù, mo ka Ìjẹ̀bú-Òde, mo ka Badagry, mo ka Ìlaró. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní "Ìlaró náà?" Mo ní ẹ̀ẹ́n, Ìlaró náà.

Mo wá bi wọ́n bí Ìyá ṣe ní kí n bi wọ́n, pé ta ló sọ fún yín pé èébú ni. Wọ́n ní ọmọ ilé kejì ni, wọ́n jọ jà nídìí kànga nígbà tí wọ́n wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ yẹn ní bàbá rẹ ń ròhìn ìlú fún òyìnbó. Wọn ò bi Bàbá rí. Wọ́n ní ẹ̀rù bà wọ́n láti bi í, wọ́n ń bẹ̀rù ohun tó máa dáhùn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin nìyẹn o, wọ́n ń gbé e kiri.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá jókòó, wọ́n ń rántí nǹkan. Wọ́n ní ní alẹ́ Thursday, Bàbá á wọ kóòtù, á fi ìwé sínú ènfílóòpù, á fi àtè lẹ̀ ẹ́, àwọn á sì gbé àtùpà tẹ̀ lé e lọ sí etí ọ̀sà ní Marina láti dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó, torí ó fẹ́ fi lé akọ̀wé ọkọ̀ lọ́wọ́ fúnra ẹ̀. Ìgbà mìíràn ọkọ̀ náà ò ní wá. Wọ́n á dúró títí epo àtùpà á fi lọ sílẹ̀, ẹ̀fọn á máa jẹ wọ́n, Bàbá ò ní sọ nǹkan kan, á kàn ki ènfílóòpù bọ àpò kóòtù, wọ́n á wá máa fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà ilé nínú òkùnkùn.

Mo bi wọ́n pé orúkọ wo ni kí n kọ sára ìwé. Wọ́n ní kí n kọ Oníròhìn, kí n fi àmì sí i dáadáa.